Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: IYỌ̀ TÍ Ó Ń RÌN NÍNÚ ÒKÚTA

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì:

bá-tì-rì
wó-ró
á-yọ́-ọ̀-nù
só-dí-ọ̀-mù
à-à-yè
ẹ-nu-bo-dè

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bátìrì wa

Inú ẹ̀bi kan ni ẹ̀kọ́ òní ti jáde wá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Tèmi ni.

Ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wa máa ń pé ní Oregun, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ti tú òṣìṣẹ́ ọ̀sán sílẹ̀. Àwọn kan ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. Àwọn kan ń bọ̀ láti ìdí ìkòkò oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Àwọn kan ń ti Ọjọ́ta wá, àwọn kan ń ti Agége wá. Bí iná bá lọ, a máa ń sọ pé NEPA ti mú iná lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni a ti pa orúkọ NEPA rẹ́. A kì í tú kíláàsì ká nítorí rẹ̀. A ní bátìrì ńlá kan tí a fi ń tan gílóòbù méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kánjú. Bí mo ti fẹ́ pa ìwé dé, mo ní, "Ayé ti di ayé iyọ̀ o. Wọ́n ti ń fi iyọ̀ ṣe bátìrì báyìí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì lọ sílé. N kò ṣàlàyé ohunkóhun.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bátìrì wa rẹ̀. Iná rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Bàbá ọlọ́dẹ kan wà ní kíláàsì wa, ẹni tí kì í pẹ́ dé rárá. Ó fẹ́ ṣe wá lóore. Ó ṣí ojú bátìrì náà, ó bu iyọ̀ ìsebẹ̀ ṣíbí kọ̀ọ̀kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó dé e padà, ó sì gbé e sídìí ṣájà. Nígbà tí a máa fi dé, òórùn kan ti gba inú iyàrá. Ó ń ta ni nímú bí Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ojú gbogbo wa ń ṣomi. A pa iná ṣájà, a ṣí fèrèsé, a sì sá síta. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò ṣubú. Ṣùgbọ́n bátìrì náà kú pátápátá.

Inú bí mi. Mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi da iyọ̀ sí i?"

Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é."

N kò rí èsì fọ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nípa ti bátìrì àti ásíìdì, àbọ̀ ọ̀rọ̀ léwu. Èmi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó yẹ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ náà nìyí.

2. Kí ni ó wà nínú bátìrì?

Ní ọdún 1800, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alessandro Volta, ará Ítálì, mú irin oríṣi méjì tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó. Ó tò wọ́n lé ara wọn, ó sì fi ohun tí ó rì sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú wáyà. Bátìrì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà títí di òní, ohun mẹ́ta ni ó wà nínú gbogbo bátìrì: ẹ̀gbẹ́ kìíní, ẹ̀gbẹ́ kejì, àti àárín. Bátìrì Berec tí àwọn òbí wa ń fi sí tọ́ọ̀ṣì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bátìrì mọ́tò ní in. Bátìrì fóònù tí ó wà nínú àpò yín ní in.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, ohun méjì ni ó ń kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kìíní lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀. Ọ̀kan ni wóró iná. Òun ń gba inú wáyà tí ó wà níta, ó sì ń tan gílóòbù bí ó ti ń kọjá lọ. Èkejì ni wóró tí ó wúwo jù ú lọ, èyí tí ń gba inú àárín bátìrì kọjá. Àwọn méjèèjì yóò tún pàdé ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ wò ó bí tọkọtaya tí ń lọ sí ọjà ní òdìkejì odò. Ọkọ gba orí afárá, ìyàwó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti ṣe àdéhùn pé ẹnì kan kò ní í wọ ọjà láìsí ẹnì kejì. Bí ọkọ̀ ojú omi bá falẹ̀, ọkọ tí ó wà lórí afárá yóò dúró, bí afárá náà tilẹ̀ dára. Bákan náà ni bátìrì. Bí wóró inú àárín bá ń rìn bí ìgbín, wóró iná inú wáyà kò lè sáré, gílóòbù yóò sì pọ́n.

Ní ọdún 1834, Michael Faraday, ará Ìlú Ọba, fún wóró tí ń rin inú àárín ní orúkọ. Ó pè é ní áyọ́ọ̀nù. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ohun tí ń lọ".

Nígbà náà, kí ni ti iyọ̀? Ohun méjì ni ó para pọ̀ di iyọ̀ ìsebẹ̀. Ìkíní ni sódíọ̀mù, ìkejì ni klóríìnì. Bí ẹ bá wọn iyọ̀ gíráàmù 100, nǹkan bíi gíráàmù 39 jẹ́ sódíọ̀mù, nǹkan bíi 61 sì jẹ́ klóríìnì. Sódíọ̀mù ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá fún bátìrì. Klóríìnì sì ni èéfín tí ó ta wá nímú ní ọjọ́ tí bàbá ọlọ́dẹ da iyọ̀ sínú bátìrì alásíìdì. Ṣé ẹ ti ń rí i báyìí? Bátìrì sódíọ̀mù kì í ṣe bátìrì tí a da iyọ̀ sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi ohun mìíràn kọ́ ọ, àárín rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti bátìrì wa pátápátá.

3. Ìdánwò kékeré

Ìdánwò yìí kò léwu bí a bá tẹ̀ lé òfin rẹ̀. Bátìrì kékeré onígun mẹ́rin tí a kọ 9V sí lára nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo iná ara ògiri láé. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ẹ wá gílóòbù kékeré kan láti inú tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé, irú èyí tí ó ní ẹsẹ̀ méjì tín-ín-rín. Ẹ so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ níbì kan lójú ọ̀nà wáyà. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ sínú ife. Ẹ ki orí wáyà méjèèjì tí ó wà ní ibi àlàfo náà bọ inú iyọ̀, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Kí ni ẹ rí? Gílóòbù kò tàn. Bí kò bá sì tàn nígbà tí ẹ bá ti bu omi sí i, ẹ yí ẹsẹ̀ gílóòbù padà.

Ẹ bu omi díẹ̀ sí iyọ̀ náà. Gílóòbù tàn! Bí ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ yọ wáyà kíákíá, kí ẹ sì da omi náà nù.

Kí ni ó dé? Nínú iyọ̀ gbígbẹ, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè rìn. Kálukú wà ní àyè rẹ̀ gbọin-gbọin, bí èrò inú dáńfó tí ó kún fọ́fọ́. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò lè jáde, nítorí kò sí àlàfo tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Nígbà tí omi dé, gbogbo èrò náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́.

Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ bátìrì ayé ní ohun olómi ní àárín. Ìbéèrè tí ó ti ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú láti ọdún púpọ̀ sì nìyí: ṣé a lè rí òkúta gbígbẹ tí iyọ̀ lè máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni pé omi ni?

4. Kí ni a fẹ́ fi òkúta ṣe nígbà tí omi wà?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ewu. Ásíìdì ni omi inú bátìrì mọ́tò, ó ń jó aṣọ, ó sì ń jó ara. Omi inú bátìrì fóònù àti ti ọ̀kadà oníná lè gbiná bí bátìrì bá wú tàbí bí ó bá gbóná jù. Òkúta kì í jò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta tí a ń wí yìí kì í sì í gbiná.

Ìdí kejì ni òjé. Inú bátìrì mọ́tò àti ọ̀pọ̀ bátìrì ínfátà ni òjé wà, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 2025, ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa ní Ògìjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, nítorí òjé náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò.

Ìdí kẹta ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù. Ilẹ̀ ayé ní in, ṣùgbọ́n kò pọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè sì ń du ara wọn lórí rẹ̀. Sódíọ̀mù tí ó wà nínú ilẹ̀ ju lítíọ́ọ̀mù lọ ní ọ̀nà tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ, kí a tó ka ti inú òkun mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá dé etí òkun Èkó ti dé ibi tí sódíọ̀mù wà.

Àléébù kan wà tí n kò ní í fi pamọ́ fún yín. Sódíọ̀mù wúwo. Bí wóró lítíọ́ọ̀mù kan bá wọn 7, wóró sódíọ̀mù kan yóò wọn 23. Nítorí náà, a kò fẹ́ ẹ fún fóònù. Ṣùgbọ́n bátìrì tí yóò jókòó sí igun ilé, tí yóò gba iná oòrùn ní ọ̀sán, tí yóò sì tan iná fún ọmọ láti kàwé ní alẹ́, kí ni ìwúwo já mọ́ fún un? Ta ni yóò gbé e rìn? Bí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí ń fi èéfín pa ènìyàn mọ́ inú ilé yóò dákẹ́.

5. Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí òkúta náà

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ford tí ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà rí ohun ìyanu kan. Wọ́n rí ohun líle kan bí àwo tánganran, tí a fi alumíníọ̀mù, ọ́síjìn àti sódíọ̀mù ṣe. Sódíọ̀mù ń yára rìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1967, wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Báwo ni sódíọ̀mù ṣe ń rìn níbẹ̀? Ohun náà dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, sódíọ̀mù sì ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ilé náà kò ní àtẹ̀gùn. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè gòkè.

Wọ́n fi òkúta yìí ṣe bátìrì sódíọ̀mù àti imí-ọjọ́. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní láti gbóná tó nǹkan bíi 300 dígírì kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Omi ń hó ní 100 dígírì. Ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ wò ó! Ta ni yóò gbé irú ìléru bẹ́ẹ̀ sí pálọ̀?

Ilẹ̀ Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Ìròyìn jáde láti Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, nípa bátìrì tí wọ́n pè ní Zebra. Iyọ̀ ìsebẹ̀ gan-an àti irin níkẹ̀lì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, òkúta Ford sì ni àárín rẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ ṣájì rẹ̀, sódíọ̀mù yóò kúrò lára iyọ̀, yóò sì gba inú òkúta kọjá sí òdìkejì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún kíláàsì kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì yìí náà ní láti gbóná gan-an kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1976, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe òkúta mìíràn. Wọ́n pè é ní Nasicon. Eléyìí ní àtẹ̀gùn. Sódíọ̀mù lè lọ síwájú, ó lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè gòkè.

6. Ìṣirò: ilé mélòó ni ó ṣófo?

Ẹ jẹ́ ká ṣe eré kan. Kí ènìyàn 10 jókòó sórí àga 10. Ẹ ní kí gbogbo wọn sún síwájú lẹ́ẹ̀kan, kálukú sórí àga tí ó wà níwájú rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Níbo ni ẹni iwájú yóò lọ? Nísinsìnyí, ẹ ní kí ẹnì kan dìde kúrò. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún sí àyè rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e náà sún. Kò pẹ́, gbogbo wọn ti rìn, bẹ́ẹ̀ ni àga kan ṣoṣo ló ṣófo.

Àṣírí òkúta sódíọ̀mù nìyẹn. Kí iyọ̀ tó lè rìn, àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà.

Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, fi èyí ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọ́n mú ohun kan tí a fi sódíọ̀mù, áńtímónì àti imí-ọjọ́ ṣe. Fún wóró áńtímónì 100, wóró sódíọ̀mù 300 ni ó wà níbẹ̀, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Wọ́n yọ áńtímónì 12 kúrò, wọ́n sì fi túńgísítìnì 12 rọ́pò. Túńgísítìnì ni irin tín-ín-rín tí ń pọ́n nínú gílóòbù àtijọ́. Agbára iná tí ó wà lára rẹ̀ fi ẹyọ kan ju ti áńtímónì lọ. Kí ìwọ̀n má bàa fì sí apá kan, fún túńgísítìnì kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé, sódíọ̀mù kan gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ mú yẹ́ńsù yín:

300 − 12 = 288

Sódíọ̀mù 288 ni ó kù nínú ilé 300. Ilé 12 ṣófo. Nínú ilé 100, ilé 4 péré ni ó ṣófo. Síbẹ̀ ó tó! Wọ́n kéde pé kò tíì sí òkúta sódíọ̀mù irú rẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù ń yára rìn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé a dá iná sábẹ́ rẹ̀.

Ṣé kí a wá kó gbogbo wọn jáde? Rárá o. Bí ilé bá ṣófo jù, ta ni yóò rìn? Èrò ni ó ń mówó wọlé fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kò lè yí ara padà kò dára. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ọ̀rọ̀ náà.

7. Ẹnubodè, alágbẹ̀dẹ àti bíríkìlà

Àyè òfìfo nìkan kò tó. Ohun mẹ́ta mìíràn wà.

Ìkíní ni ẹnubodè. Láti ilé kan sí èkejì nínú òkúta, ojú ihò tóóró kan wà tí sódíọ̀mù ń gbà kọjá. Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní Oregun, ní àkókò tí òṣìṣẹ́ bá ń jáde. Bí wọ́n bá ṣí apá kan géètì, ìlà yóò gùn. Bí wọ́n bá ṣí apá méjèèjì, kíá ni ìta á kún. Wóró sódíọ̀mù tóbi ju wóró lítíọ́ọ̀mù lọ. Nítorí náà, àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi wóró tí ó tóbi jù sí ara ògiri òkúta náà, kí ó lè ti ògiri sẹ́yìn, kí ẹnubodè sì fẹ̀.

Ìkejì ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ. Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ tí ó fi irin sínú iná títí tí ó fi pọ́n, tí ó sì tì í bọ omi lójijì. Irin náà yóò le lọ́nà tí ìbá má le bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ó tutù. Ní ọdún 2025, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, àti Singapore sọ ohun tí wọ́n ṣe tí ó jọ ọ́. Wọ́n mú ohun kan tí ó ní sódíọ̀mù, bórọ́ọ̀nù àti háídrójìn nínú. Wọ́n gbé e gbóná dé ibi tí wóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Wọ́n wá mú un tutù kíákíá, kí ètò tí ọ̀nà ti là nínú rẹ̀ má bàa túká. Áyọ́ọ̀nù sì ń yára rìn nínú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọgbọ́n tí àwọn baba wa ń lò nídìí ẹwìrì kò jìnnà sí èyí.

Ìkẹta ni ọgbọ́n bíríkìlà. Omi máa ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé òkúta lé òkúta, ibi díẹ̀ ni wọ́n ti ń fara kan ara. Ibi tí wọn kò bá ti fara kan ara, sódíọ̀mù kò lè kọjá. Ìdí nìyí tí bíríkìlà fi ń fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì sí àárín búlọ́ọ̀kù méjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi agbára tẹ ẹ̀gbẹ́ bátìrì mọ́ àárín rẹ̀. Wọ́n ń sun ìyẹ̀fun òkúta náà nínú iná títí tí yóò fi di odindi. Wọ́n ń fi ohun rírọ̀ tẹ́ ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ojú kékeré sílẹ̀, sódíọ̀mù lè hù níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣájì, bí gbòǹgbò igi tí ń la ògiri. Bí ó bá la òkúta já sí òdìkejì, bátìrì náà ti bàjẹ́.

8. Ibo ni iṣẹ́ dé báyìí?

Bátìrì sódíọ̀mù tí ó ní omi nínú ti jáde ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ CATL fi tirẹ̀ hàn ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí kò sì nílò ooru ìléru, inú ilé ìwádìí ni ó pọ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé bátìrì wá bá yín ní Ìkẹjà, tí ó ní iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má jiyàn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ka ara rẹ̀. Ṣebí ẹ ti mọ̀wé báyìí?

Bí ẹ bá rí Pb, òjé ni.
Bí ẹ bá rí Li, lítíọ́ọ̀mù ni.
Bí ẹ bá rí Na, sódíọ̀mù ni.

9. Ohun tí a óò máa ṣe nílé

Ẹ má ṣe da iyọ̀, omi kànga tàbí omi òjò sínú bátìrì. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí èyí tí ó ní ojú ihò.
Ẹ má ṣe ṣájì bátìrì nínú iyàrá tí ènìyàn ń sùn sí. Ẹ má ṣe dá iná nítòsí rẹ̀.
Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì àlòkù, ẹ má sì ṣe sun ún. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.
Bí bátìrì fóònù bá wú, ẹ má ṣe gún un, ẹ má sì ṣe lò ó mọ́.

Kí n tó dákẹ́, mo tún fẹ́ dárúkọ Goodenough. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ìwé kíkà ṣòro fún un gidigidi. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ní ọdún 2019, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 97, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ, ẹ ṣé ẹ gbọ́?

Ní ti kíláàsì wa, a dáwó, a sì ra bátìrì mìíràn. Owó tèmi ni ó pọ̀ jù, bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ tí a gbé e dé, bàbá ọlọ́dẹ ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó fi ìka tọ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Tíṣà, Pb ni. Kò fẹ́ iyọ̀."

ÌBÉÈRÈ

1. Ohun mẹ́ta wo ni ó wà nínú gbogbo bátìrì?
2. Kí ni ìtumọ̀ áyọ́ọ̀nù? Ta ni ó fún un ní orúkọ, ní ọdún wo?
3. Kí ló dé tí iyọ̀ gbígbẹ kò jẹ́ kí gílóòbù tàn?
4. Bí ilé 300 bá wà, tí a sì fi túńgísítìnì 15 rọ́pò áńtímónì 15, sódíọ̀mù mélòó ni yóò kù? Ilé mélòó ni yóò ṣófo?
5. Kí ni ó fi iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe bátìrì òkúta jọ ara wọn?
6. Ẹ wo bátìrì kan nílé yín. Ẹ da ohun tí a kọ sí i lára kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.